Oṣù Tí A Dín Ágà Kù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún

Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó gba ojú fèrèsé yàrá ìwọ̀n wọlé. Mo fi aṣọ ìnulẹ̀ dí i. Ìyẹ̀fun ágà, èyí tí a ń sè kó dì bí ẹ̀kọ sínú abọ́ àyẹ̀wò, tí wọ́n ṣèlérí fún wa láti ìparí oṣù kejì ò tíì dé, agolo kan ààbọ̀ ló sì kù. Ọkùnrin tó ń kó o wá fún wa ò gbé fóònù mọ́; ó ti mọ nọ́ńbà mi.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Sùúrù. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń se ágà nílé àyẹ̀wò ilé ìwòsàn yìí, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Sùúrù ni ìdáhùn rẹ̀ sí ohun gbogbo, òun náà ló sì fi jórúkọ. Mo ní kó máa bu ìdajì ohun tó ń bù tẹ́lẹ̀ sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, kí agolo yìí lè gbé wa dé ìparí oṣù kẹfà. Kòkòrò àìsàn tí a ń gbìn sórí rẹ̀ ò nílò ju ibi tó máa hù sí lọ. Mo tún ní kí a fi Ọmọlúàbí sílẹ̀ ná. Ọmọlúàbí ni kòkòrò tí a ti mọ ìwà rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń fi oògùn dán an wò, bó bá sì kú bó ṣe yẹ kó kú, a mọ̀ pé abọ́ wa ò parọ́. Abọ́ mẹ́ta ló ń gbà lọ́sẹ̀, a ò sì ní abọ́ tí a máa fi ṣòfò.

"Mà," ó ní, "Ọmọlúàbí lẹ fẹ́ lé kúrò nílé, ẹ wá fi àwọn ìpáǹle sílẹ̀?"

Mo ní ẹni tí ìwà rẹ̀ ò yí padà lọ́dún mẹ́sàn-án, kò ní í yí padà lóṣù méjì. Ó ní kò burú. Bí ọkùnrin yẹn bá ti ní kò burú, ó burú lójú rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àpótí olóoru tí a ń kó abọ́ sí ò tutù jù. Ọpẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo wọn abọ́ mẹ́rìnlá lónìí, mo tún un wọ̀n nítorí n ò gba ojú mi gbọ́. 

Olóríkunkun ló wà nínú gbogbo wọn, kòkòrò tí mo ti ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá tó ti wọ ilé ìwòsàn yìí. Oògùn kìíní ò ràn án mọ́, ìkejì ò ràn án mọ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìkẹta náà ti ń kú lọ: àyíká mímọ́ tó máa ń wà yí bébà oògùn ká, níbi tí kòkòrò ò ti lè hù, ti sún kì dé mílímítà mẹ́rìndínlógún, bẹ́ẹ̀ ogún ló yẹ kó pé kí dókítà tó lè fọkàn tán oògùn. Ìgbà náà ni mo bá wọn jà. Mo ní kí wọ́n ti oògùn kẹta mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni má fún aláìsàn láìjẹ́ pé dókítà méjì fọwọ́ sí i. Èrò mi ni pé bí kòkòrò ò bá rí oògùn fún ìgbà pípẹ́, á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Àwọn dókítà bú mi. Ọ̀kan ní èmi tí mò ń tọ́jú kòkòrò ò mọ ohun tí ẹni tó ń tọ́jú èèyàn ń rí.

Lónìí: ogún, mọ́kànlélógún, mọ́kànlélógún, méjìlélógún. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ni. Mo jókòó sórí àga gíga, mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Ó ti ń rọ̀. Ọdún mọ́kànlá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi nígbà tó ń tú ikùn aago ẹnì kan. Ó ní, "Ìyá Kòkòrò, wọ́n ti wá tọrọ àforíjì nìyẹn?" Nígbà tó yá, láìgbójú sókè, ó ní, "Aago tó bá ń sáré, ẹni tó ni ín á kọ́kọ́ máa yìn ín pé kì í jẹ́ kóun pẹ́." Mo ní kó dojú kọ aago rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fi àwọn ìwọ̀n tuntun kún ìwé ìwádìí mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Ìwé yìí ni ìgbìmọ̀ ń dúró dè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n fún mi. Ọ̀gá wa ka ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o ti ṣe é." Ọ̀gá kì í yin èèyàn. Ara mi yá gágá títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Dókítà ọmọdé, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ìkókó, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ wá lánàá, kò rán ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin kékeré ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ọdún kejì lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń sáré gun àtẹ̀gùn bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Ìkókó tí wọ́n bí kó tó pé oṣù ló ni ẹ̀jẹ̀ náà, ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀dì kìíní. Ibà ń ṣe é, kò sì mu ọmú mọ́.

Olóríkunkun ni. Mo wọn abọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí: kìíní, òfo, ìkejì, òfo, ìkẹta, mọ́kànlélógún. Mo pe Dókítà fúnra mi.

"Ẹ fún un ní ìkẹta. Ó ń ràn án."

"Ṣé kò ní í dáa ká lo ìkẹrin, Mà?"

"Ìkẹrin tó ń ba kíndìnrín jẹ́? Fún ọmọ tí kò wúwo tó bàtà mi? Ìkẹta, Dókítà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Ọmọ bẹ́ẹ̀dì kìíní kú ní agogo mẹ́wàá àárọ̀.

Mo lọ sí wọ́ọ̀dù láti lọ gba ìwé, mo sì bá àwọn èèyàn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá ọmọ, èérún ṣọ́ọ̀kì wà lára ẹsẹ̀ báàgì rẹ̀. Kò sunkún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kò pariwo, ó kàn ń sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì bí ẹni ń ròyìn: "Mo sọ fún un. Mo ní kó jókòó sílé, kò jókòó. Oṣù keje, ó ṣì ń dúró kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Inú wo ló máa gbé irú ẹ̀?" Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ náà mi orí díẹ̀, bí ẹni tó gbà pé òótọ́ ni.

Dókítà ọmọdé ní ọmọ náà kéré jù, pé oògùn pẹ́ dé ara rẹ̀. Mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Òmíràn. Ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀dì kẹta. Olóríkunkun kan náà. Ìkẹta, ogún géérégé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un.

Òjò ò dáwọ́ dúró. Bàtà mi méjèèjì ń rùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Dókítà ọmọdé wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì. Kò jókòó.

"Mà, ẹ má bínú. Ọjọ́ kẹta rèé tí ọmọbìnrin yìí ti ń gba oògùn. Ibà ò lọ. Ó tiẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo gbaná jẹ. Mo ní ìgbà tí wọ́n bí i, mo ti ń wọn abọ́. Mo ní bí àwọn dókítà bá mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ loògùn, wọn ò ní máa wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ó sì jáde. Kò bá mi jà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo padà sídìí iṣẹ́. Mo gbé abọ́ kan wò lódìkejì iná. Mo rí ọwọ́ ara mi gba inú rẹ̀, títí kan ìlà àtẹ́lẹwọ́.

Ọdọọdún ni mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì: ẹ bu ágà kó ga ní mílímítà mẹ́rin, ẹ má dín in, ẹ má fi kún un. Bí ágà bá ki, oògùn á rì sísàlẹ̀ kó tó tàn. Bó bá fẹ́lẹ́, kò níbi tí á rì sí, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbà tàn, á tàn ju agbára rẹ̀ lọ. Oògùn tí kò lágbára á wá dà bí alágbára. Mo máa ń fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò. Mo máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó bá gbàgbé.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Sùúrù. Mo ní kó se ágà, kó bu abọ́ mẹ́fà ní mílímítà méjì bó ṣe ń bù ú, kó sì bu mẹ́fà ní mẹ́rin. Kí a fi kòkòrò ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹta sínú mẹ́ta nínú mẹ́fà kọ̀ọ̀kan, kí a fi Ọmọlúàbí sínú mẹ́ta yòókù. Kò béèrè ìdí. Ó ti mọ̀ látọjọ́ kìíní, kò kàn sọ ọ́ tán ni, èmi náà ò sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Abọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè kán lójú. Àárọ̀ ọ̀la ló máa sọ̀rọ̀. Mo pe Dókítà pé kó má dúró dè mí, kó kọ oògùn kẹrin sílẹ̀, kó wá dókítà kejì tó máa bá a fọwọ́ sí i, nítorí oògùn eléwu lòun náà. Ó ní, "Kí lẹ rí, Mà?" Mo ní n ò tíì rí i, ẹ̀rù ohun tí mo máa rí ló ń bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Nínú ágà fẹ́lẹ́, oògùn kẹta: ogún. Nínú ágà tó ga bó ṣe yẹ: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. 

Àyíká mímọ́ Ọmọlúàbí, tí kì í ju méjìdínlọ́gbọ̀n lọ láyé rẹ̀, fẹ̀ dé méjìlélọ́gbọ̀n nínú ágà fẹ́lẹ́. Ká ní mo jẹ́ kó wà nílé ni, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ì bá ti sọ fún wa.

Olóríkunkun ò rọ̀ rárá. Ó tún ti le sí i. Èmi ni mo fẹ́ kó rọ̀, mo fẹ́ ẹ débi pé nígbà tí abọ́ parọ́ fún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀dì kẹta ti ń gba ìkẹrin látàná. Ìwé àbájáde mọ́kàndínlógójì ló ti jáde lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ kẹrin. Mo pe wọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ka nọ́ńbà sí wọn létí, mo ní, "Ẹ má gba ohun tí mo kọ gbọ́." Aláìsàn márùn-ún ló ń lo oògùn kẹta nítorí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ti yí ti gbogbo wọn padà. Wọ́n wà láàyè.

Ẹ̀gbọ́n Sùúrù ní, "Ọwọ́ mi ló bu ágà náà, Mà."

Mo ní, "Ẹnu mi ló pàṣẹ."

Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó yẹ kí n kọ̀." Lẹ́yìn náà ó lọ fọ abọ́. Mo gbọ́ tí omi ń ṣàn fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo lọ sí wọ́ọ̀dù, mo dúró lẹ́yìn gíláàsì. Ibà rẹ̀ ò tíì lọ. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ti ẹyẹ. Nọ́ọ̀sì ní ó tọ̀ láàárọ̀, kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́. N ò mọ̀ pé ìtọ̀ lè mú èèyàn sunkún.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Mo rò pé á rán mi létí ọ̀rọ̀ aago. Kò rán mi létí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Ta ló tún mọ̀?" Mo ní Dókítà àti Ẹ̀gbọ́n Sùúrù. "Ìyá ọmọ ńkọ́?" Mo ní kò mọ̀. Ó bu oúnjẹ fún mi, kò sì lọ títí mo fi jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà

Ọ̀gá gbọ́ mi tán. Èèyàn dáadáa ni, n ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun èlò ló ní àbùkù, pé a ti ṣàtúnṣe. Ó ní ágà ò wọ́pọ̀, kì í ṣe èmi ni mo jẹ́ kó wọ́n. Òótọ́ ni.

"Ọmọ bẹ́ẹ̀dì kìíní ńkọ́, sà?"

"Ọmọ náà kéré. Ó lè kú bó ti wù kó rí. Kí lo máa lọ sọ fún wọn? O fẹ́ tú egbò tó ń san?"

"Kò san, sà. Orí ìyá ọmọ ni wọ́n dì í lé."

Mo sọ ohun tí mo gbọ́ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn fún un. Ó fi bíró gbá tábìlì pẹ́pẹ́. Ó ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n mi wà lórí tábìlì ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àti pé òun ò lè sọ fún mi pé kí n má lọ, ṣùgbọ́n òun ò rán mi. Mo ní mo gbọ́, sà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Mo kọ̀wé sí àwọn tó fẹ́ tẹ ìwádìí mi. Mo ní kí wọ́n dá a padà, ìwọ̀n abọ́ mẹ́rìnlá inú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, èmi ni mo fà á. Ìlà mẹ́rin péré. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta.

Ibà ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀dì kẹta ti lọ sílẹ̀. Dókítà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù mi: *Ó mu ọmú, Mà. Ẹ̀ẹ̀mejì.* Mo kà á títí fóònù fi kú.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, lórí ohun tí mo sọ sí i ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó ní, "Ìyá mi náà máa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà á." Ìyẹn ni pé ó ti rí i lójú mi kí èmi tó mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ìgbìmọ̀ ti sún ọ̀rọ̀ mi síwájú. Wọn ò sọ ìgbà.

Ágà dé. Agolo mẹ́fà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró síta. Ẹ̀gbọ́n Sùúrù kó o wọlé, kò bú ẹnikẹ́ni. Èmi bú wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Dókítà ló mọ ilé olùkọ́ náà. Àjà kẹta ni. Ó ní òun á wọlé pẹ̀lú mi, mo sì gbà.

Olùkọ́ náà ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kún orí tábìlì, ó ń fi bíró pupa máàkì wọn. Ó ní wọ́n fún òun ní ìsinmi, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tí òun á máa fọwọ́ ṣe. Ìró abọ́ tí wọ́n ń fọ̀ ń ti ilé ìdáná wá. Ó ní ìyá ọkọ òun ni.

Mo ti kọ ohun tí mo máa sọ sínú bébà, mo sì gbàgbé bébà náà sílé. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ágà wọ́n, mo ní kí wọ́n dín in kù. Mo dá àyẹ̀wò tó yẹ kó tú wa fó dúró. Nítorí náà mo sọ fún Dókítà pé oògùn kan máa ran ọmọ yín, kò sì lè ràn án. Òmíràn wà tó lè ràn án, a ò fún un.

Ó béèrè bóyá ọmọ òun ì bá yè. Mo ní n ò mọ̀. Ó kéré púpọ̀, ó ṣeé ṣe kó má yè náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni oògùn yẹn, èmi ni mo fi dù ú.

"Ta ló ní kí wọ́n dín in kù?"

"Èmi ni."

Ó dé bíró pupa náà. Ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Dókítà na ọwọ́ sí i, kò gbà á.

"Kòkòrò náà," ó ní, "níbo ló ti wọ̀ ọ́ lára?"

"Inú ilé ìwòsàn ni."

"Kì í ṣe pé mo dúró kọ́ àwọn ọmọ?"

"Rárá."

"Wọ́n ní bí mo bá jókòó sílé, ì bá pé oṣù."

Dókítà dáhùn, ó ní, "Mo ti sọ fún yín nígbà yẹn pé kì í ṣe ìdúró ló fà á. Ẹ ò gbọ́ mi."

"Mo gbọ́ yín," olùkọ́ ní. "Mo rò pé ẹ fẹ́ fi tù mí nínú ni. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tí òun náà ṣe."

Kò ní òun dárí jì mí. N ò sì béèrè. Kì í ṣe ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó."

Ìyá náà jáde, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó kí wa dáadáa. Olùkọ́ gbé àga fún un, ó gbé e síwájú mi tààrà, débi pé orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Òun fúnra rẹ̀ dúró.

"Mà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Látìbẹ̀rẹ̀. Kí Màámi gbọ́."

Mo tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Kí n tó parí, ìyá náà ò wò mí mọ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń wò.